Iná Pupa Tí Ó Wà Níwájú Awakọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọkọ̀ tí ń gbé wa lọ sí Pobè. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa yọ gílóòbù àmì bátìrì, wọn a sì fi LED rọ́pò rẹ̀. Kò burú, nítorí LED kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n fóòtì 2 péré ni LED pupa ń fẹ́, ti ọkọ̀ sì tó 14. Ẹ fi résistance 680 ohm ṣáájú rẹ̀, kí ó má baà jó. Bí ẹ bá so ó sódì, kò ní tàn.

Ewu gan-an nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná tí ń gba inú gílóòbù yẹn kọjá ni í jí alternateur. Èyí tí LED ń jẹ́ kí ó kọjá kéré jù. Alternateur lè má jí, bátìrì á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́ lóru. Ẹ so résistance 47 ohm, wátì 5, láti wáyà kan sí èkejì, kí iná lè rọ́nà gbà.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dún, kí ó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ má gbéra. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.