Ẹni tó jìn sí kòtò, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú, kì í sì í ṣe ti òṣèré tó kọ ọkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni. Ẹ bá mi dé Oníyanrìn, ẹ gba ibẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, ẹ gun Màpó, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Agboolé wo ni wọn ò ti ní ẹnì kan tí wọ́n ń fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀? Bọ̀dá tó ń mu paraga kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Àbúrò tí tírámádò ti sọ di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ọmọ tó jáde poli, tí kolorádò gbé ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Tí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, "Ibà ló ń ṣe é."

Ẹ má pè é ní àsọdùn o. Ìwádìí kan wà tí àjọ tó ń ka ìṣirò nílẹ̀ yìí àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní January 2019. Wọ́n ní nínú 100 èèyàn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 14 nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa ńkọ́? Nínú 100, bíi 23. Nílẹ̀ Yorùbá, Èkó nìkan ló ṣíwájú wa. Wọn ò sì tíì ka ọtí mọ́ ọn.

Kí la wá ń ṣe sí i? Ìyá á sunkún, bàbá á ṣépè. Tó bá sú wọn, wọ́n á wá ibì kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe, wọ́n á fi ọmọ síbẹ̀, wọ́n á padà sílé. Ṣé ẹ ò tíì gbàgbé èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Òjóò, nínú Ìbàdàn níbí, ní November 2019? Èèyàn 259 ni ọlọ́pàá kó jáde níbi tí wọ́n há wọn mọ́, àgbà àti ọmọdé. Ilé àtúnṣe ni wọ́n pe ibẹ̀ náà. Kọ́kọ́rọ́ lè ti ilẹ̀kùn, kò lè ti òùngbẹ.

Èrò tèmi rèé. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdajì òwe yẹn là ń lò. A máa ń fi dẹ́rù ba ọmọ: "Wo lágbájá, má ṣe bíi tiẹ̀." Ó dáa. Ẹni tó ti jìn sí i ńkọ́? Ta ló máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gòkè? Ẹni tó jìn sí i rí, tó sì ti jáde, ni. Òun ló mọ ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ tí kò ní yọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní May 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, oníṣòwò ará New York, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Akron, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀mùtí paraku ni tẹ́lẹ̀, kò tíì ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ tó jáwọ́. Òwò tó bá wá síbẹ̀ ti dàrú, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí sì wà nínú òtẹ́ẹ̀lì náà, ó ń fà á. Kí ló ṣe? Tẹlifóònù ló gbé, ó ń pe èèyàn kiri, ó ń wá ọ̀mùtí bíi tiẹ̀ tó lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ ba ayé ẹ̀ jẹ́. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun ní. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi jókòó. Bill ò wàásù fún un, ohun tójú òun alára rí ló ń rò. Ní June 10, 1935, Dókítà Bob mu èyí tó mu kẹ́yìn láyé ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, tó ti wá tàn ká ayé. Bill kú ní 1971, kò fẹnu kan ọtí mọ́.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: kì í ṣe torí Dókítà Bob nìkan ni Bill ṣe lọ. Kí òun náà má baà mu ni. Ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ó ń ran ara ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá á bi ọmọ pé, "Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Ẹni tó ti débẹ̀ rí ò ní bi í bẹ́ẹ̀. Ó á ní, "Àbúrò, aago mélòó ló máa ń fà ẹ́ jù? Ta lẹ jọ máa ń wà nígbà yẹn? Dá mi dúró níwájú ilé yín lákòókò yẹn lọ́la." Ẹ̀yin ẹ sọ, èwo lẹ máa dá lóhùn nínú méjèèjì?

Àwa náà ti ní tiwa rí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní Àró. Kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, mọ̀lẹ́bí ń bá wọn wá, wọ́n ń dáná fún wọn. Lambo yìí náà ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò tíì gbó: àárín èèyàn lara ti ń yá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kẹ́ ẹ pa dókítà tì. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle láràárọ̀ fún ọdún gbọọrọ, ẹ má ṣàdédé gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nílé, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí Àró. Ẹni tó jáwọ́ nínú tírámádò fún oṣù mélòó kan, tó wá padà sórí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara ẹ̀ ò lè gbé e mọ́. Ẹni tó jáwọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ ló sì yẹ ká rán padà sí ibùba wọn lóun nìkan. Kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn tó lè ṣiṣẹ́ yìí wà láàárín wa, ẹnu wa ni ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ọkùnrin á ti jáwọ́ lọ́dún mẹ́fà, tó bá fẹ́ gbàyàwó, ẹnì kan á yọ́ lọ bá àna: "Ṣé ẹ mọ̀ pé amugbó ni?" Tó bá fẹ́ háyà yàrá, lánlọ́ọ̀dù á ní wọ́n ti gbà á. Ta ló wá fẹ́ dìde pé òun ti wà níbẹ̀ rí? Á dákẹ́. Ọmọ tiwa tó nílò ẹ̀, á máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ní mọ̀.

Ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ fún irú wọn láyè. Ẹ wá yàrá kan àti bẹ́ǹṣì méjì fún wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyẹn ò wọ́n. Ẹ̀yin ará ilé, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gòkè, ẹ má bi í bó ṣe jìn sí i. Ẹ bi í bó ṣe jáde.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.