Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì họ́sítẹ́lì fi ṣe yín? Bí abẹ́ bá ń yún ọmọge, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló kó o. Bí ìtọ̀ bá ń ta ọmọkùnrin bí ata, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á. Irọ́ ni jàre! Òótọ́ ni, yíyún mìíràn kì í ṣe ti ìbálòpọ̀ rárá, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára èèyàn. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń kó o.

Àwọn baba wa ò tijú, wọ́n pè é ní àtọ̀sí. Àwa ọ̀mọ̀wé là ń fi èdè bò ó. Nígbà tí Fẹlá kú lọ́dún 1997, Ọlíkóyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sọ pé ayé ló pa á. Ó ní éèdì ni, ní gbangba.

Àtọ̀sí lè wà lára obìnrin láìfi àmì hàn, kó máa dí ọ̀nà ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yé gbé kápúsù méjì mì kẹ́ ẹ ní ó tán. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ mú olólùfẹ́ yín dání. Ìtìjú ò wo àtọ̀sí rí.