Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹ̀yìn?

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo yín ni ó ń fẹ́ wà níwájú. Ta ni yóò ṣọ́ ẹ̀yìn?

Láyé àtijọ́, ẹni méjì ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn, mẹ́ta wà láàárín, márùn-ún wà níwájú. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ibi tó ṣófo lẹ́yìn ni alátakò ń gbà wọlé. A wá fi kún àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ní 1994, Nàìjíríà na Zambia ní 2 sí 1, ó sì gba Ife Áfíríkà. Amuneke ló gbá góòlù méjèèjì wọlé, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ló ṣọ́ ẹ̀yìn. Lójú tèmi, iyì kan náà ni gbogbo wọn ní.

Lọ́la, ẹ pín ipò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré.