Ẹ bèèrè àpapọ̀ owó kí ẹ tó fọwọ́ síwèé owó mọ́tò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá ìyá kan tó ń ta àgbàdo sọ̀rọ̀ lọ́jà Kétu. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbà á lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń sanwó fún àwọn onímọ́tò tó ń bá a kó ẹrù lọ sí Kútọnu, ó sì ti rí i pé àpò tiwọn ni èrè òun ń wọ̀. Ó ti kó èsúsú, mílíọ̀nù kan sẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò akẹ́rù àlòkù tí wọ́n fi hàn án jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Ilé ìyáwó kan ṣe tán láti yá a ní mílíọ̀nù méjì tó kù, kó san án láàárín oṣù 24. Wọ́n ní èlé rẹ̀ kò ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóṣù. Inú ìyá dùn.

A ní kó jẹ́ ká wo ìwé náà. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyá kò sì gbọ́ Faransé. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé 123,333 sẹ́fà ni yóò máa san lóṣù, a dúró, a mú fóònù, a ṣírò ó. (Nílé ẹ̀kọ́ ìròyìn, ìṣirò ni a máa ń sá fún jù, àmọ́ eléyìí kò le.) Lọ́nà 24, ó jẹ́ 2,960,000. Èlé nìkan jẹ́ 960,000! Ìyá wò wá bí ẹni pé àwa la fẹ́ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni 2 kékeré ṣe dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka èlé. Àwọn kan ń kà á lórí odindi mílíọ̀nù méjì lóṣooṣù títí owó á fi tán, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn ń kà á lórí kìkì owó tó kù lọ́rùn yín. Bí wọ́n bá ka 2 kan náà lọ́nà kejì yìí, nǹkan bí 105,750 ni ìyá yóò máa san lóṣù, àpapọ̀ èlé rẹ̀ kò sì ní ju 538,000 lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju 420,000 sẹ́fà lọ, lórí mọ́tò kan náà, pẹ̀lú 2 kan náà lẹ́nu.

Òfin wà lórí rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni BCEAO, bánkì àgbà tó ń gbé sẹ́fà wa jáde, ti pààlà fún èlé ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti láwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó ń ná sẹ́fà kan náà pẹ̀lú wa: 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún bánkì, 24 fún àwọn ilé ìyáwó kéékèèké. Bí a bá ṣírò 2 orí odindi owó yẹn bó ṣe yẹ, ó ju 40 lọ lọ́dún. TEG ni Faransé ń pe iye tí a fi ń wọn èyí, owó ìwé àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n ń gbà mọ́ ọn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ fún yín nínú ìwé.

Ẹ tún ṣọ́ owó ìfipamọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi 200,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kí wọ́n tó yá yín ní mílíọ̀nù méjì, 1,800,000 ló tẹ̀ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí mílíọ̀nù méjì ni ẹ ó ti máa san èlé. Bákan náà ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé mọ́tò fún èèyàn kó máa ṣiṣẹ́ san án díẹ̀díẹ̀: ẹ bèèrè iye tí wọn ìbá tà á lówó ọwọ́, kí ẹ fi wé iye tí ẹ ó san tán.

Ká sọ òótọ́, ìtìjú ló ń bá wa jà jù. Ẹni tó fẹ́ yá wa lówó a dà bí ẹni tó ń ṣe wá lóore, a kì í fẹ́ bi í ní ìbéèrè méjì. Ṣùgbọ́n òwò ló ń ṣe. Ẹni tó ń ná ata títí oòrùn á fi wọ̀ lọ́jà Àjàṣẹ́, kí ló dé tí kò lè ná èlé mílíọ̀nù méjì?

Ohun tí àwa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìyáwó kò pọ̀: kí wọ́n ka ìwé náà sókè ní Yorùbá tàbí Fọ̀n níwájú ẹni tó fẹ́ yáwó àti onídùúró rẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ àpapọ̀ owó tí yóò san kí wọ́n tó gbé yíǹkì jáde. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà tí wọ́n bá wá gba gbèsè.

Ìyá náà kò tíì fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ Ajé, òun àti ọmọ rẹ̀ tó wà níléèwé girama ń lọ sí ilé ìyáwó mìíràn, ọmọ náà ni yóò máa ṣírò ó.