Òṣùwọ̀n Ọjà Wa Lè Kọ́ Ọmọ Ní Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò kí ìpàdé ọdún tó dé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbògbò níbí ló lè ka ìtumọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí bí ayékòótọ́. Ẹ gbé òṣùwọ̀n síwájú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, sáyẹ́ǹsì kì í ṣe àkọ́sórí: kí ojú rí i, kí ọwọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹnu ṣàlàyé rẹ̀ ni.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ dé kíláàsì kẹfà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kíláàsì kẹrin, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ohun èlò tó bá ìwé bẹ́ẹ̀ rìn kún ìsọ̀ wa. Ẹ fi ẹyin tútù sínú omi lásán, yóò rì. Ẹ po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ omi náà, yóò léfòó. Kí ọmọ ka iye ṣíbí iyọ̀ tó gbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn kóńgò gàrí kan àti kóńgò ìrẹsì kan: ìwúwo wọn ò dọ́gba. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá a rí.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí iṣẹ́ ìjọba nìyẹn?" Òótọ́ ni, kí ìjọba má sì sá fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ará Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn sílẹ̀ ní 1844, máa ń yọ nínú èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìlànà ẹgbẹ́ wa títí dòní.

Àbá mi rèé: kí á dín owó mínírà àti aṣọ ìpàdé ọdún kù, kí á fi ra òṣùwọ̀n, tẹmómítà, òòfà tí ń fa irin àti awò tí ń sọ kékeré di ńlá fún àwọn ilé-ìwé wa, pẹ̀lú ìwé ìlò wọn ní Yorùbá. Kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan sì fi agolo òfìfo àti igò tirẹ̀ kún un.

Ọmọ tí kò mọ òṣùwọ̀n kà lónìí ni yóò jókòó sí ìsọ̀ wa lọ́la. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dìbò.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìgbògbò.