Ta Ni Yóò Dá Òbí Lóhùn Nípa Ilé-Ìwé?

Òbí tó ń gbé ní Shooters Hill, tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ bá dojú rú, Woolwich ni yóò kọ́kọ́ forí lé, níbi tí kánsù Greenwich fìdí kalẹ̀ sí. Ibi tí agbára wà kọ́ nìyẹn mọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1988 ló tú ILEA ká, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé àárín London, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Greenwich ní 1990. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ló gbé ètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo England. Ofsted dé ní 1992 láti máa yẹ ilé-ìwé wò. Ní 2010, òfin Academies ṣílẹ̀kùn gbàgà fún ilé-ìwé láti kúrò lábẹ́ kánsù, kó di ohun tí wọ́n ń pè ní academy, kó máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Westminster. Kò sí ohun tó burú nínú kí ìjọba fi ìlànà lélẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ohun tí àwa ń sọ ni pé ẹni tó bá gba agbára lórí ilé-ìwé, òun náà ni kó máa dá òbí lóhùn.

Òfin ọdún 2016 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ohun tó sọ ni pé bí Ofsted bá ti ní ilé-ìwé kánsù kan kùnà, dandan ni kí mínísítà pàṣẹ pé kó di academy. Òfin náà kò béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu òbí kọ́kọ́, ó sì fi dandan lé kánsù àti ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé pé kí wọ́n ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé wọ́n lòdì sí i. Ó ṣẹlẹ̀ ní Greenwich wa níbí. Ní 2018, Ofsted ní ilé-ìwé girama John Roan kùnà. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òbí yarí, síbẹ̀ ilé-ìwé náà bọ́ sábẹ́ United Learning, àjọ tó ń darí àwọn academy, ní 2019. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àyípadà náà ṣe é láǹfààní. Ìyẹn kọ́ là ń jà fún. Ẹ̀hónú wọn kò lè yí nǹkan kan padà lábẹ́ òfin, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa wà. Irú ìdájọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, tí Ofsted máa ń fi lé gbogbo ilé-ìwé lórí, ìjọba fúnra rẹ̀ ti pa á tì ní oṣù kẹsàn-án 2024.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àyè. Kánsù ni òfin ní kó rí i pé àyè tó fún gbogbo ọmọ, láti Plumstead títí dé Thamesmead. Ilé-ìwé tirẹ̀, ó lè pàṣẹ fún un pé kó gba ọmọ kan. Academy ńkọ́? Àfi kí kánsù kọ̀wé bẹ Westminster. Iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní kánsù ti sùn lọ rí, pé ọwọ́ líle ìjọba ló jí ilé-ìwé London dìde. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n London Challenge, ètò ìjọba láti mú ilé-ìwé London sunwọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ka orí kí ilé-ìwé máa ran ara wọn lọ́wọ́, kì í ṣe orí gbígbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ kánsù nìkan. Àwọn tó mọ Nàìjíríà nínú wa sì mọ̀ pé àṣẹ láti òkè nìkan kò tó: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ọdún 2004 ní kí ìpínlẹ̀ mú owó tirẹ̀ wá kó tó gba ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì mú un wá, owó ń sùn sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ń jókòó sórí ilẹ̀.

Àbá òfin tí ìjọba gbé lọ sílé aṣòfin ní oṣù kejìlá 2024 fẹ́ mú ọ̀ranyàn 2016 kúrò, ó sì fẹ́ fún kánsù lágbára láti pàṣẹ fún academy kó gba ọmọ. A fara mọ́ méjèèjì. Wọn kò tíì tó. Kí òfin sọ ọ́ ní gbangba pé a kò ní gbé ilé-ìwé kankan fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé a ti gbọ́ tẹnu òbí, tí mínísítà sì ti kọ ìdí ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. A rọ ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Shooters Hill, Woolwich àti Thamesmead: ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín lórí èyí, kí ẹ sì jáde fún ipò aṣojú òbí nínú ìgbìmọ̀ alákòóso nígbà tí ilé-ìwé bá kéde ìdìbò.