Owó Gbà-Máà-Bínú: Ìkánjú Ẹni Tí Ó Fara Pa Ni Ó Ń Dín In Kù

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé adójútòfò lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí ó rọ́pò òfin ọdún 2003. Ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, bí ó ti rí ní ibùdókọ̀ gbogbo, ohun tí a fi ń kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ka ìwé yìí sí. Èrò ọkọ̀ pàápàá kì í bèèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé, nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ṣe òfin ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà ìjọba òyìnbó ni òfin ọdún 1945 ti pàṣẹ pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wa ọkọ̀ lójú pópó láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ti dúró fún un, bí ó bá pa ènìyàn tàbí tí ó bá ṣe ènìyàn léṣe. Èrò tí ó sanwó wọ ọkọ̀ wà lára àwọn tí òfin náà dáàbò bò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, sọ owó tí ẹni tí ó ní mọ́tò ara rẹ̀ ń san lọ́dún di ₦15,000 láti ₦5,000, ó sì fi ₦3,000,000 ṣe òpin ohun tí a ó san lórí dúkìá ẹlòmíràn tí ó bá bàjẹ́. Dúkìá ni òpin yìí wà fún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n irin wọn ẹsẹ̀ òun.

Ọjọ́ tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá láti ṣírò òfò bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá aláṣọ kan ní Sábọ́n Gàrí, tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́bàá Jẹ́bbà nígbà tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tí ì pé, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ti tó san. Ọmọlúwàbí ni àlejò náà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìnira. Ẹ jẹ́ kí á tètè parí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ lè rí nǹkan fi tọ́jú ara yín.” Ó fa ìwé kan yọ. Ohun tí ìwé náà ń wí ni pé ìyá yìí ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Bí irin tí dókítà fi sínú itan náà bá wá ń fẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ni ó rán ọkùnrin náà níṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ni yóò sì jíṣẹ́ fún. Iye tí ó kọ́kọ́ dá kì í ṣe gbèsè tí a ti ṣírò tán. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà ni. Ìyanu ni pé àwọn tí kì í ra ìgàn aṣọ kan láìná an lẹ́ẹ̀mẹta ni ojú ń tì láti ná owó ẹsẹ̀ ara wọn. Èsì kò ṣòro: “O ṣeun, ọmọ mi. Fi ìwé náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ mi kà á. Nígbà tí dókítà bá sọ ibi tí ẹsẹ̀ yìí yóò dé dúró, a ó jọ sọ̀rọ̀ owó.”

Kánò ti rí àpẹẹrẹ ńlá lórí owó gbà-máà-bínú, bí kò tilẹ̀ ṣe ti ọkọ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Àwọn ọmọdé 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ni ó kú, 5 nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó gba Trovan. Ìjọba Kánò pe ẹjọ́ ní 2007, Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá wọn dá sí i, àdéhùn $75 mílíọ̀nù sì wáyé ní oṣù keje 2009. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi. Nínú owó yìí, tó $35 mílíọ̀nù ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó fara gbá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde pé àwọn ní ẹ̀tọ́ sí owó pọ̀ ju 200 lọ dáadáa, ó sì di dandan kí á ṣe àyẹ̀wò DNA láti mọ ẹni tí ó tọ́ sí. Oṣù kẹjọ 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba $175,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún 15 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ẹ̀rí ni àdéhùn ń dúró dè, ẹ̀rí sì ni ó ṣòro jù fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, nítorí jàǹbá a máa ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Mọ́kwà, àgọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ wà, kì í ṣe Kánò. Kí ìbátan kan tètè padà lọ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, rìsíìtì oògùn, ìwé dókítà, ìwé tí ó ń fi ohun tí ìsọ̀ ń pa wọlé hàn: gbogbo rẹ̀ ni ó ń di owó. Oníṣòwò tí orí nìkan ni ó ń fi ṣe ìṣirò yóò rí i pé kò sí ẹni tí yóò gba orí rẹ̀ ní ẹ̀rí.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ yóò tún wá bẹ̀bẹ̀, ẹbí yóò sì fi ti Ọlọ́run ṣe é. Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò awakọ̀ ni owó yìí ti ń jáde. Kí ẹbí dárí jì í lẹ́nu, kí wọ́n má sì fọwọ́ sí ìwékíwèé pé àwọn kò béèrè ohunkóhun.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá dákẹ́, tàbí tí ó ní òun kò san, ìdí rẹ̀ ni kí á béèrè lórí ìwé. Ẹ̀dà ìwé náà ni a fi ń fẹjọ́ sun NAICOM. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti kóòtù, òun náà ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè.